Ètò Oúnjẹ Kazuomi

Ẹnu dùn-ún rò'fọ́. Bí ẹ bá pàdé Kazuomi, ọkọ Chizuru, nílùú Toyama, ẹ bá mi sọ fún un. Ọkùnrin náà kò se nǹkan kan ju omi gbígbóná lọ láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n tó bá di ká sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa se oúnjẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Iṣẹ́ ètò ló ń ṣe níléeṣẹ́ wọn: ó ń to ẹrù sínú ọkọ̀, ó ń to ọkọ̀ sójú ọ̀nà. Kí ló wá kù láyé tí kò lè tò?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí Chizuru wá di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń retí ipò yẹn. Àmọ́ aago méje alẹ́ ni ọ̀gá ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì fún wọn láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

"Ta ni á wá máa se oúnjẹ alẹ́?" Kazuomi bi í.

"Ẹ̀yin náà lọ́wọ́ méjì, Bàbá Kotoha."

Kazuomi rẹ́rìn-ín. "Ìyá Kotoha, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro ẹ, àìlétò ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ lo máa ń dúró síwájú fíríìjì bí ẹni tó sọnù. Jẹ́ kí n ṣètò fún ẹ. Èmi fúnra mi ni màá sè é, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Tó bá yọrí, gba ipò náà, kó o sì máa fi ètò mi se oúnjẹ. Tí ò bá yọrí, a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn. Sọ fún wọn pé rárá."

Ẹ ò rí nǹkan! Tó bá yọrí, Chizuru ni á máa sè é. Tí ò bá yọrí, Chizuru náà ni. Inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ipò yẹn débi pé ó gbé e mì, ó ní òun gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kazuomi gba ilé ìdáná. Kò sí ìkòkò tí kò lò, Chizuru ló sì fọ gbogbo ẹ̀, torí ìkòkò fífọ̀ kò sí nínú ètò. Ó di oúnjẹ sínú ike kéékèèké, ó kó wọn sí fíríìsà, ó wá lẹ ìwé aláwọ̀ mẹ́rin kan tó kọ ètò náà sí mọ́ ara fíríìjì. "Ó rọrùn bí ẹni ń fẹran jẹ̀kọ," ó ní. "Mo jókòó, mo rò ó, ó parí."

Lọ́jọ́ Ajé, ìrẹsì àti kọ́rì ni wọ́n jẹ. Ká má parọ́, ó dùn. Àfi ife mílíìkì tó gbé síwájú oníkálukú.

"Mílíìkì kẹ̀?" Chizuru béèrè.

"Ó wà nínú ètò. Ó ń mú eegun le. O ò mọ̀ ni?"

Kotoha, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wo abọ́ rẹ̀. "Màámi, kọ́rì la jẹ lọ́sàn-án níléèwé."

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ ní.

Ó kúkú máa ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹja títùs tí wọ́n fi mísò, ẹ̀wà sóyà kíkan tí wọ́n gún, sè ló dé, òun àti ìrẹsì funfun, àti mílíìkì. Kotoha rọra gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. Nílùú yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi mílíìkì sin títùs oní-mísò lọ sọ́fun, àfi ọmọ iléèwé, tí wọ́n ń fún ní mílíìkì lójoojúmọ́, ó bá oúnjẹ mu o, kò bá a mu o. Ara fu Chizuru. Ó dìde bí ẹni fẹ́ bu omi, ó ká ìwé aláwọ̀ mẹ́rin náà sókè díẹ̀.

Ìwé iléèwé Kotoha ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ oúnjẹ ọ̀sán oṣù sí. Gbogbo ìyá ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, kí wọ́n má baà se ohun tọ́mọ ti jẹ lọ́sàn-án. Ọjọ́ Ajé: kọ́rì, mílíìkì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: títùs, mílíìkì. Ọkọ rẹ̀ ti dà á kọ látòkè délẹ̀. Orúkọ iléèwé nìkan ló fi sílẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á, kí ẹ̀rù tó bà á. Bí Kotoha bá lanu, ètò kò yọrí nìyẹn, ipò ọ̀gá sì lọ. Ó fa ọmọ náà sí kọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, bá mi jẹ ẹ́ dé Ọjọ́bọ̀. Má sọ nǹkan kan."

"Gbogbo ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?"

"Jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́rú, Kotoha jẹ ọbẹ̀ elégédé bí ẹni ń mu àgbo. Bàbá rẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń ròyìn fún ìyá tirẹ̀: "Ètò ni, Màmá. Orí mi ni mo fi rò ó!"

Ọjọ́bọ̀ wá dé. Búrẹ́dì díndín ni, tí wọ́n yí nínú ṣúgà àti ìyẹ̀fun sóyà, pẹ̀lú mílíìkì. Lóúnjẹ alẹ́ o! Kazuomi alára wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ètò ni ètò.

Kotoha bú sẹ́kún. "Mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́! Mo ti jẹ méjì lọ́sàn-án! Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, a fi ọwọ́ ta jankẹ́n láti mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́, èmi ni mo borí!"

"Níbo?"

"Níléèwé! Bàámi, oúnjẹ iléèwé wa lẹ ń sè láti Ọjọ́ Ajé!"



"Irọ́ ni," Kazuomi ní. "Ìwé ìyá ẹ ni mo—" Ó panu mọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́.

"Ìwé mi?" Chizuru fa ìwé aláwọ̀ mẹ́rin náà ya kúrò. Orúkọ iléèwé hàn gàgàrà, pẹ̀lú àwòrán ehoro tó gbé ife mílíìkì dání. Ọdún mẹ́ta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń wà níbẹ̀ lóṣooṣù. Obìnrin yìí ń ta awò ojú fún gbogbo ìlú o!

"Mo rò pé ètò tìẹ nìyẹn," ọkọ rẹ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ ní mi ò létò. Ètò mi lẹ sì rò pé ẹ ń jí?"



"Níbo wá ni tìẹ wà?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Inú orí mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ẹ ò béèrè rí. Ó dùn mí, Bàbá Kotoha."

Kazuomi tẹrí ba. "Ètò ọ̀hún ò yọrí nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi se oúnjẹ, kò sẹ́ni tó kú. Ó yọrí dáadáa."

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Chizuru pe ọ̀gá àgbà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ níwájú fíríìjì.

"Ìyá Kotoha, kí ni kí n sè lálẹ́ yìí?"

"Ẹ ka ìwé yẹn dáadáa," ó ní. "Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má sè é."