Ọ̀wẹ̀ Vilde

Ará abúlé Hovdalen ò mọ ohun tó ń jẹ́ "ẹ fi í sílẹ̀." Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò? Ọ̀wẹ̀. Àwọn ọmọ akọrin fẹ́ rìnrìn àjò? Ọ̀wẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe ẹnì kan, wọ́n á ti kóra jọ. Tọdún yìí, ti Vilde ni. Ọmọ Oddvar tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ló máa ń so sìkí, pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ ẹsẹ̀, tí á fi òkè yìnyín sílẹ̀, tí á fò lófuurufú bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣubú rí láyé. Wọ́n fẹ́ kó lọ bá àwọn ọ̀gá díje nínú ìfò ní Japan lóṣù kìíní, owó ẹ̀ sì pọ̀. Báwo la ṣe ń rí irú owó bẹ́ẹ̀? Tíṣù ni. Tíṣù ilé ìgbẹ́! Ẹgbẹ́ eré ìdárayá á rà á ní ọ̀pọ̀, aládùúgbò á rà á ní ọ̀wọ́n, èrè á di tọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí gbogbo ọmọ wa ṣe ń dé orí pápá nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀: Vilde ò fẹ́ fò mọ́. Láti ìgbà tó ti ṣubú lóṣù kejì, bó bá ti jókòó lókè lọ́hùn-ún, sórí igi tí wọ́n ń jókòó lé kí wọ́n tó fò, itan ẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹnu ẹ̀ á gbẹ. Ó purọ́ fún kóòṣì pé orúnkún ń dun òun. Ẹ̀rù nìkan kọ́ ṣá. Nígbà tí orúnkún irọ́ yẹn fi í jókòó sílé, ó sùn dáadáa, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ wẹ̀ lódò, ó wá rí i pé inú òun ń dùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nígbà tó di Sátidé, òun fúnra ẹ̀ ló ní láti pín tíṣù náà. Bàbá ẹ̀ ń wakọ̀, ọmọlanke tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn kún dé òkè. Vilde ti pinnu: ẹni àkọ́kọ́ tó bá bi òun pé "ṣé kò sí?" òun á sọ òótọ́.

Wọ́n bi í. Ta ni ò ní bi í? Arnljot tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó dé.

"Vilde, ṣé kò sí? Ẹrù mẹ́rin ni mo rà, èmi nìkan ló sì ń gbénú ilé yìí! Ṣé o mọ iye ọdún tí mo máa fi jókòó sílé ìgbẹ́ nítorí tìẹ?"

Bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Vilde náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Nílé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Nílé tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá nítorí oṣù kìíní. Ilé mọ́kànlá ló dé, ẹnu ẹ̀ ò là.

Ìkejìlá ni ti Ìyá àgbà Borghild, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tí ojú ẹ̀ ṣì mú ju ti ọmọdé lọ. Ó ní kí Oddvar dúró sínú ọkọ̀, ó fa Vilde wọlé, ó bu kọfí fún un.

"Kí ló ń jẹ ọ́?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá àgbà."

"Mo bí ọmọ márùn-ún. Má fi 'kò sí nǹkan' dá mi lóhùn."

Ni ó bá bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá àgbà. Ẹ̀rù òkè yẹn ń bà mí." Ó fẹ́ sọ ìyókù, pé bí ẹ̀rù náà bá tiẹ̀ lọ, òun ò fẹ́ fò mọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́. Ẹyin lohùn, àbọ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ ná.

Ìyá àgbà di ọwọ́ ẹ̀ mú. "O ṣeun tó o sọ ọ́. Fọkàn balẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹni tó bá lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ha! Ní Hovdalen? Ta ni ò lè ranni lọ́wọ́ níbẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́rin ni ara fi fúyẹ́ fún Vilde. Ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, bàbá ẹ̀ ní kó wọ kóòtù, kí wọ́n dé ilé ẹgbẹ́ eré ìdárayá. Òórùn bọ́tà ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Irin mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ, ló ń rú èéfín, gbogbo abúlé ti tò síwájú tábìlì, wọ́n ń ra wáfù, wọ́n ń fi jáàmù sí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ÌGBOYÀ FÚN VILDE. Ìyá àgbà Borghild jókòó níwájú pátápátá nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun náà ò sì jẹ́ kó wọ́.

Kóòṣì lu ife. "Ẹ̀yin ará, a ti rí dókítà kan ní Oslo, ẹ̀rù àwọn eléré ìdárayá ni iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà méjìlá ló máa rí Vilde. Bí wáfù ṣe ń lọ yìí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí owó ẹ̀ tán!" Wọ́n hó yèè.

Vilde fa bàbá ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí.

"Bàámi, ẹ gbọ́. Ẹ̀rù kọ́. Mi ò fẹ́ fò mọ́. Kódà tí ẹ̀rù ò bá bà mí, mi ò fẹ́. Ó ti tó mi."

Inú ò bí Oddvar rárá. Kí ó tiẹ̀ bínú, ì bá sàn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó gbó pa á lórí, omi lé ròrò sójú ẹ̀.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Dókítà náà ti sọ fún wa lórí fóònù. Ó ní ohun tí gbogbo eléré tí ẹ̀rù ń bà máa ń sọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tá ò fi fẹ́ kó pẹ́."

Vilde wo yàrá náà yí ká: Arnljot ń pín kọfí, kóòṣì ti rẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀tá kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lè bá jà. Gbogbo wọn fẹ́ràn ẹ̀. Ibo ló máa gbà jáde?

"Vilde, bá wa sọ̀rọ̀!" ni wọ́n ń pariwo. "Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré!"

Wọ́n ti sún àga fún un kó gun orí ẹ̀. Ó gùn ún. Itan ẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ ṣeun," ló sọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.