Ọkọ̀ Òkú Kì Í Sáré

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́, torí àlá tí mo lá mọ́júmọ́ òní yìí, bí mo bá fi jẹun ọ̀sán tán, mo lè máà rántí ìdajì rẹ̀ mọ́. Ẹ má bá mi tú u. Ẹ sáà gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lépa jíìpù, tí wọ́n ń pọ́nkè kí wọ́n tó wọ mọ́tò bí ẹni ń lọ sórí àjà, wágọ́nù ni èmi ń fẹ́: ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí gíláàsì rẹ̀ dé ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lágbára tó ti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ẹ sì mọ̀ pé Màámi wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgbáròkó. Kò lè jókòó pẹ́. Bí kò bá nà gbalaja, ìrora kì í jẹ́ kó mí. Ilé rẹ̀ ní Odò-Ẹ̀rọ̀ ni ó fẹ́ padà sí, ohun kan náà ni ó sì máa ń wí: “Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi.” Èmi náà ní èsì kan ṣoṣo: “Ẹ ní sùúrù, Màámi, ọkọ̀ tó yẹ yín ń bọ̀.”

Nínú àlá náà, mo bá ara mi ní ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè ìlú. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń fún olúkúlùkù ní ọkọ̀ tó wù ú, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá sáà ti lè sọ ìdí tí ó fi wù ú. Ẹni tí kò bá rí ìdí gidi sọ, jíìpù ni wọ́n ń fún un. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ká mi lára ni pé Màámi wà nísàlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò náà, lórí ẹní, ó ń wo òkè, ó ń dúró dè mí. Mo sì mọ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ nǹkan lójú àlá, pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jíìpù, kò ní lè wọ̀ ọ́, kò sì ní fojú kan ilé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì wọ kóòtù, ó so táì pupa mọ́ ọrùn.

“Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì,” ni ó wí, “kí ló dé tí ẹ ò mú jíìpù? Ó ga. Bí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀, ẹ ó máa rí àtàrí ènìyàn.”

“Mo ti rí àtàrí tó, sà. Ohun tí mo fẹ́ ni ọkọ̀ tí yóò máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.”

“Kí wá ni ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ fò yẹn wà fún?”

“Kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ṣe ló ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, sà.”

Ọ̀gá ronú. Bí ó ti ń ronú ni etí rẹ̀ ń gùn, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń yọ ṣóńṣó, títí ó fi di òbúkọ tán. Ó mú ẹnu lé táì rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Mo dúró kó jẹ ẹ́ tán, torí kò yẹ kí a dá òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu nídìí oúnjẹ.

“Ìgbéraga tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ni ìyẹn,” ni òbúkọ náà wí. “Kì í ṣe ìdí. Ẹ mú òmíràn wá.”

“Ó lè gba firíìjì, sà, àti àga onírọ̀gbọ̀kú méjì.”

“Níbo ni ẹ ń kó wọn lọ?”

“Mi ò kó wọn lọ síbì kankan. Ó sáà dára kí ènìyàn mọ̀ pé ó lè gbà wọ́n.”

Ó yíjú sí ògiri. Mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ jíìpù ni ó ń wò lórí ìṣó. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, Màámi ṣì ń wòkè.

“Ìbéèrè kan ló kù,” ni òbúkọ wí. “Ní Odò-Ẹ̀rọ̀ tiyín, kí ni wọ́n ń fi irú ọkọ̀ yìí gbé?”

“Òkú ni, sà.”

Òótọ́ sì ni. Kò sí ọkọ̀ onídìí gígùn tó wọ Odò-Ẹ̀rọ̀ rí tí kì í ṣe pé òkú ọmọ ìlú tó kú sílẹ̀ òkèèrè ni ó gbé wálé. Nítorí náà, bí wágọ́nù bá ti yọ lórí afárá, ọkùnrin á ṣí fìlà, obìnrin á sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ló kú. Ìgbà kan péré ló yàtọ̀: tíṣà kan gbé iṣu àti ọmọ wá fún ọdún Kérésì nínú Pijó rẹ̀ onídìí gígùn. Kí ó tó rí ibi tí yóò páàkì sí, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún.

“Ìdí tí mo fi fẹ́ èyí tó ń sáré nìyẹn,” ni mo wí, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. “Ọkọ̀ òkú kì í sáré. Bí wágọ́nù bá sáré wọ ìlú wa, afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé alààyè ló wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé, sà. Ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jọ òkú.”

Òbúkọ sún mọ́ mi, ó gbé pátákò kan sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà bí ẹni lu òǹtẹ̀. Ó ní ó ti di ṣíṣe.

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ́fíìsì já, mo sì bọ́ sórí ìjókòó ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Wágọ́nù náà dúdú, ó ń dán bí kóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi epo nù.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni ọkọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó kàwé jìnnà. “Inú mi dùn pé ẹni tó mọ̀wàhù ló yàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ kí àwọn ẹṣin.”

Mo ṣí i. Ẹṣin kéékèèké kún ibẹ̀ bámúbámú, wọn ò ju eku lọ, gbogbo wọn wọ kóòtù. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Màámi gba ẹ̀yìn wọlé, ó nà gbalaja, ó gbé orí lé apá, ó kọjú sí gíláàsì ẹ̀yìn kí ó lè máa wo ibi tí a ti ń bọ̀.

“Àkànmú,” ni ó pè mí, “kí ló ń ṣe gìdìgìdì níwájú yẹn?”

“Ẹṣin ni, Màámi. Wọ́n lé ní irínwó.”

“Irínwó ẹṣin, láti gbé arúgbó kan relé?” Ó tún rọra fi ara lélẹ̀. “Ọba gan-an, ọ̀kan ló ń gùn. Kì í sì í jẹ́ kó sáré.”

Ọ̀nà ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní, ó tún tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti dé orí afárá Odò-Ẹ̀rọ̀. Mo rí fìlà tó ń ṣí lórí. Mo tẹ iná mọ́ ọn. Àwọn ẹṣin ké, a já wọ ìlú bí ìbọn, a kọjá láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ta ló kú. Ẹ̀rù ò bà mí. Ṣe ni mo ń rò ó lọ́kàn pé ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí mi.

“Ilé mi ló kọjá yẹn,” ni Màámi wí.

Mo yí padà lẹ́yìn ìlú, mo dín eré kù kí n lè páàkì. Bí mo ti dín in kù báyìí, fìlà tún ṣí, ẹkún sọ, àwọn géńdé méjì sì ń fi okùn wọn gígùn ọkọ̀ bí ó ti ń lọ. Mo tún tẹ iná.

“Ilé mi tún kọjá.”

“Màámi, bí mo bá dúró, wọn á sin yín.”

“Bí o kò bá dúró ńkọ́?” Ó ṣì kọjú sẹ́yìn, ó ń wo òrùlé rẹ̀ tó ń kéré lọ. “Kí ni ìyàtọ̀ òkú sí ẹni tí kò lè wọ ilé rẹ̀?”

Mo yí padà lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dúró,” ni ọkọ̀ wí. “Ẹ ó bà mí lórúkọ jẹ́.”

Mo tẹ bíréèkì níwájú ilé ìyá mi.

Gbogbo ìlú yí wa ká, wọ́n ṣí fìlà mọ́yà. Bàbá Lámọ́dì, ẹni tí ètò ìsìnkú ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ síwájú.

“Àkànmú, ẹ kú aráfẹ́rakù,” ni ó wí. “Ta ni?”

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Màámi dìde jókòó, ó tún gèlè wé.

“Ta ló kú, Lámọ́dì?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ọkọ̀ yìí ni.”

“Ẹ bi í kí n gbọ́.”

Wọ́n bi ọkọ̀. Ọkọ̀ ò fọhùn. Gbogbo àwọn ẹṣin wolẹ̀.

“Ó dáa,” ni Màámi wí. “Abọ́ tí mo fi gbé mọ́ínmọ́ín fún ìyàwó rẹ nígbà tó bímọ, ó dà?”

Bàbá Lámọ́dì wo ojú ọ̀run, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dé fìlà padà. “Ó wà láàyè,” ni ó sọ fún àwọn èrò. “Òun fúnra rẹ̀ ni.”

Màámi fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn láàárín wọn jẹ́jẹ́. Ó kí àwọn tó ń sunkún pé ẹ kú ìrọ́jú. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. A gbọ́ bí ó ti tì í nínú.

Ó yẹ kí àlá parí síbẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ sílé.

“A ti gbẹ́ ilẹ̀,” ni Bàbá Lámọ́dì wí. “Gígùn ọkọ̀ ni a fi wọ̀n ọ́n, ó sì gùn ju ìyá rẹ lọ. Ta ni o wọ̀n nígbà tí o ń yàn án?”

Mo rántí pé ó pẹ́ tí mo ti ń fojú inú wo ọkọ̀ náà, mi ò sì fìgbà kan rí Màámi nínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń rí.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó gbà ọ́?”

Ẹ wo ohun tí ìbéèrè yẹn ṣe fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bi mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sẹ́yìn, mo dùbúlẹ̀ láti fi hàn wọ́n. “Ẹ wò ó,” ni mo wí, “ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀kùn. Ó tún kù díẹ̀ pàápàá.”

Wọ́n ní lóòótọ́ ni, ó gbà mí dáadáa. Wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, àwọn ẹṣin sì ń rìn ní méjì méjì bí ọmọ iléèwé tó tò.

“Sáré,” ni mo wí fún un.

“Sà,” ni ọkọ̀ dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “a kì í sáré lọ síbi tí à ń lọ yìí.”

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Aṣọ funfun ni mo rí lójú mi: ìyàwó mi ti fi ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn bò mí láti àtàrí dé àtàǹpàkò, nítorí ẹ̀fọn. Mo gbọ́ ohùn Màámi ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti múra, ó ń fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ kan símẹ́ǹtì.

“Má jí i,” ni ó ń sọ fún ìyàwó mi. “Jẹ́ kó sinmi. Bá mi ṣètò ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ní garéèjì, kí n lè na ẹsẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ó gbóhùn sókè díẹ̀. “Àkànmú, àbí o ti jí?”

Mo mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi wò lábẹ́ aṣọ náà. Ó mì. Mo wá sọ fún un pé kó dúró dè mí, mo ń wọ bàtà.