Àwòrán Tó Ń Rù

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní tó débi iṣẹ́ ni Rukmi kò ti fọkàn tán Gunarso, àgbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mas, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò fọkàn tán ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀, tí kì í sọ láé pé ohun kan kò dáa? Bu Wiyati, ìyá tó ni ilé iṣẹ́ ìwé náà ní Kotagede, ti ní oṣù mẹ́ta lòun yóò fi dán Rukmi wò. Ìwé kan ṣoṣo ló kù tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá yóò dúró tàbí yóò padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Wonosari. Ìwé ìlànà ni, tí àwọn agbẹ̀bí abúlé yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú kọ̀ǹpútà. Ọgọ́rin àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló máa wà nínú rẹ̀, Rukmi ni yóò sì ṣe gbogbo wọn.

Kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Yóò ya ojú kọ̀ǹpútà, yóò ṣí i nínú ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, yóò sì tẹ ọ̀ọ́dúnrún síbi tí wọ́n ń kọ iye ẹyọ àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà nínú íǹṣì kan, torí ohun tí ilé ìtẹ̀wé ń béèrè nìyẹn. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí àmì ti wà nínú rẹ̀. Rukmi kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwòrán á fẹ̀ sí i, á wúwo tó mẹ́gàbáìtì méje, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí ìwúwo yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ṣàkíyèsí pé àwòrán òun ń rù. Èyí tó fi sílẹ̀ ní mẹ́gà méje kó tó lọ jẹun ọ̀sán, kò tó ìdajì mẹ́gà nígbà tó dé. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni ẹnì kan ti tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn. Ta ló wà nílé iṣẹ́ nígbà yẹn? Mas Gunarso ni, tí ìyàwó rẹ̀ ń di oúnjẹ fún, ìrẹsì àti tempe tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí kì í jáde lọ jẹun.

Inú bí Rukmi burúkú. Ó ní ó dájú, àgbà iṣẹ́ yìí ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á kí òṣìṣẹ́ tuntun má gbapò mọ́ òun lọ́wọ́. Síbẹ̀ kò lè kò ó lójú, ẹgbẹ̀gbẹ́ ló gbà wọ̀ ọ́.

“Mas, ṣé ẹ máa ń ṣí kọ̀ǹpútà mi nígbà míì?”

Gunarso mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó fi Mbak, orúkọ ọ̀wọ̀ fún obìnrin, pè é. “Nígbà míì, Mbak. Mo kàn máa ń wo nǹkan díẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ ń lọ dáadáa.”

Ó jẹ́wọ́ tán, ojú ò tiẹ̀ tì í! Láti ọjọ́ yẹn ni Rukmi ti ń da gbogbo àwòrán rẹ̀ kọ sórí fílàṣì kan tó so mọ́ ọrùn lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìwé lọ sílé ìtẹ̀wé, ó to àwọn tó wúwo sínú ìwé, ó sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Gunarso wá sídìí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kó jẹ́ kí òun bá a wo àwòrán yẹn kó tó lọ. Rukmi ní kó má ṣèyọnu. Ọkùnrin náà padà sáyè rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí dùn mọ́ Rukmi nínú. Òun fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù gbé fílàṣì lọ sílé ìtẹ̀wé.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bu Wiyati ṣí ọ̀kan. Gbogbo lẹ́tà inú àwòrán ló rí bàìbàì bí ohun tí èèyàn ń wò nínú omi ọṣẹ. Kò sí agbẹ̀bí tó máa mọ ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìyá yàtọ̀ sí ti ọmọ. Ó rọra pa ìwé dé, ó ní kí wọ́n po tíì wá. Kò sẹ́ni tó pariwo.

Rukmi lé Gunarso bá lágbàlá, ó bi í ohun tó ṣẹlẹ̀. Gunarso ò wo ojú rẹ̀.

“Àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún yẹn ni, Mbak. Tí àmì bá wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa hùmọ̀ àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀, á fi kún un. Òun ló ń mú un wúwo, òun náà ló ń mú un rí bàìbàì. Mo máa ń tún un yà láìsí àmì yẹn, kí n fi dípò tìẹ.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ojú á tì ọ́.”

Irú inú rere báyìí, ó ń bí èèyàn nínú. Bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ Rukmi ló wà nípò rẹ̀, òun náà kò ní sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn nìyẹn.

Nígbà tó wọlé, Bu Wiyati fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún un. Ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi í bóyá bọ́ọ̀sì Wonosari ṣì ń lọ láàárọ̀.

Rukmi ní bẹ́ẹ̀ ni, Bu, aago mẹ́fà ni ti àkọ́kọ́.