Ìkúnlẹ̀ Mi Lẹ́ẹ̀kejì

Ọlánípẹ̀kun ni àbígbẹ̀yìn mi. Òun ló kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sẹ́yìn ìlú Kàbà, lójú ọ̀nà Odo-Ape, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, olórí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ wá láti Àbújá. Ó jẹ iyán nílé mi, ó bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Okun o, Màmá," ló ń fi èdè wa kí mi, bí ọmọ ilé. Ó pe ọmọ mi ní àbúrò òun.

Nígbà tí ìbò tún dé, ó ní kí àbúrò òun kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde, kí wọ́n dé fìlà ẹgbẹ́ òun. Ọmọ mi ní iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ lòun gbà wọ́n fún. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi dé, wọ́n fi ṣéènì dí géètì, wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà ń ba odò jẹ́. Odò tí èmi ń mu.

Oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹrà síwájú géètì. Ọmọ mi rù, ọrùn rẹ̀ wá gùn nínú ẹ̀wù.

Mo ní, "Jẹ́ kí n lọ bá a. Ó ti jẹun lọ́wọ́ mi."

"Màmá, ẹ má lọ. Ohun tó ń dúró dè gan-an nìyẹn. Ẹ ti kúnlẹ̀ nítorí mi lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ẹ bí mi. Ó tó."

Ọjọ́ tó lọ sí Ìlọrin ni èmi àti Naomi, ìyàwó rẹ̀, wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Wọ́n jẹ́ kí a wọlé kíákíá, àfi bíi pé wọ́n ti ń retí wa.

"Okun o, Màmá. Iyán yín ò tíì kúrò lẹ́nu mi. Olóríkunkun yín ńkọ́?"

"Ọmọ mi," ni mo pè é, "ṣí géètì fún un."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í jẹ́ kí orúnkún àgbà balẹ̀ kó tó gbé e dìde. Eléyìí jókòó, ó ń wò mí, títí ayàwòrán rẹ̀ fi ya fọ́tò tán. Ìgbà náà ló wá dì mí lápá mú.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tú ṣéènì. Fọ́tò náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Naomi kà á fún mi: ìyá oníléeṣẹ́ tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọlánípẹ̀kun gbé ìwé ìròyìn náà lé mi lẹ́sẹ̀. Kò pariwo.

"Màmá, ẹ wo bó ṣe jókòó."

"Géètì ti ṣí, ọmọ mi."

"Òun ló ṣí i. Ìgbàkígbà tó bá wù ú ni yóò tún tì í."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pẹ́ nílẹ̀. Ó dìde, ó lọ. Kò tún tẹsẹ̀ bọ inú ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ó tà á, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí òkè òkun.

Ọdún kẹta rè é. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà láti orí ibùsùn mi. Naomi máa ń pè mí, ó ní ọkọ òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Oògùn orúnkún ni Ọlánípẹ̀kun máa ń rà ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Mo ń lò ó. Ohùn rẹ̀ ni n kò gbọ́.