Ike Funfun Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Kí atúnaagoṣe tó jáde láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ yí inú ilé ká, kó yọ gbogbo wáyà tó wà lára ògiri, àfi ti fíríìjì. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í dé.

"Bí ẹ bá rí wáyà lára mi, ẹ máa yọ èmi náà," ni obìnrin náà máa ń wí, á sì bú sẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin náà ṣí yàrá ọ̀hún. Ó nu eruku orí ẹ̀rọ, ó ká téèpù ìwọnṣọ tó wà lórí àga. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mọ ìyẹn, kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ike funfun kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ọwọ́ tó ti mọ́ra yọ ọ́ kó tó ronú. Ó pè é ní ṣájà fóònù, ó sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀ láàárín àwọn ṣájà yòókù.

Lọ́sàn-án, nígbà tó wà níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ pè é láti ìlú tó ń gbé.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mi ò rí Màmá mọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, oṣù mẹ́ta rèé tí gbogbo wa ò ti rí i."

"Ẹ má bínú. Ohùn wọn ni mò ń wí. Ike funfun ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn, kọ̀ǹpútà ni, ó kàn kéré ni. Ibẹ̀ ni Màmá, tí ojú wọn ò ríran kàwé mọ́, máa ń sọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Tó bá ti wà lójú iná, mo lè gbọ́ ọ láti ibí. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ."

"Ṣé kò sí níbòmíràn?"

"Kò sí. Màá dà á kọ, màá dà á kọ, mi ò ṣe é. Bí wọ́n bá sì já iná mọ́ ọn lójijì, ohun inú ẹ̀ lè bàjẹ́."

Bàbá gbé aago tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Èmi ni mo yọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ta ló tún ń yọ nǹkan nílé wa?"

Ó padà sílé. Ike funfun márùn-ún ló bá nínú dúrọ́ọ̀. Ó fi awò iṣẹ́ rẹ̀ sójú, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú pupa wà nídìí ọ̀kan, pẹ̀lú irú kókó tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ta sídìí bọ́tìnì. Ó tì í bọ ojú iná lára ògiri. Kò tàn. Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀, fóònù létí.

"Ẹ fara balẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó jí," ni ọmọ náà wí.

Iná pupa yọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ó di àwọ̀ ewé.

"Ó ti dé! Ẹ gbọ́, Bàbá."

Ohùn tó mọ̀ jáde nínú fóònù: "Ìyàwó oníbúrẹ́dì. Àyà, ogójì. Ìbàdí, márùndínláàádọ́ta. Ó ní kí n dín in kù. Èmi ò lè bá téèpù parọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Baálé mi. Èjìká, méjìdínlógún. Wọ́n ti rù sí i. Màá dín ẹ̀wù wọn láìsọ fún wọn, kí wọ́n má baà máa ronú."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan èjìká ẹ̀wù tó wọ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Dà á kọ lónìí," ló wí.

"Mo ti ń ṣe é lọ́wọ́, Bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ gbogbo wáyà bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó yọjú wo iná náà, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.