Mọ́tò Ìjàpá Tó Ti Iléṣà Gba Orí Òkun Lọ

Ní ọdún 1994, nígbà tí gbogbo ayé ń kó mọ́tò tòkunbọ̀ wọ Nàìjíríà bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú ìkòkò, obìnrin kan ṣoṣo ló dìde ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ní òun máa gbé mọ́tò láti Iléṣà lọ sí ìlú òyìnbó. Fẹ́yìsetán ni, ìyá Cornelius. Obìnrin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó ń lọ sí Òṣogbo fi máa ń bà lé gèlè rẹ̀ sinmi. Tó bá sì fi ohùn lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, àwọn Áńgílíkà tó wà ní òdì kejì ìlú a ṣe àmín.

Ọdúntán, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe dẹ́rẹ́bà, ló kọ́kọ́ gbọ́. Iyán ló ń jẹ lọ́wọ́. Òkèlè há a lọ́fun.

"Ìyá Cornelius, ẹ ní kí ni?"

"O gbọ́ mi, ọkọ mi Adúmáadán." Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Adúmáadán láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. "Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ bá Cornelius ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Àwọn tó ń ṣe mọ́tò lẹ fẹ́ gbé mọ́tò fún? Ẹ kúkú da iyọ̀ sí garawa, kí ẹ rù ú lọ fún òkun!"

"Òkun kọ́ ni mo bí. Cornelius ni mo bí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọdúntán. Ó rántí. Ojú rẹ̀ ni Bàbá Cornelius ṣe di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lórí ibùsùn tó sọ pé: "Cornelius ni kí o fa mọ́tò mi lé lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bọ́ sílẹ̀." Cornelius kò sì lè wá sin bàbá rẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò tíì gún ní ìlú òyìnbó; bó bá jáde, kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Láti ìgbà náà ni mọ́tò ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń wo Fẹ́yìsetán lójú láràárọ̀.

Ìjàpá ni mọ́tò ọ̀hún, Fọ́sífáágìn aláwọ̀ eérú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni Bàbá Cornelius ti fín aáṣáà títí ayé rẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọṣẹ funfun fọ̀ ọ́, wọ́n da lọ́fínńdà sí i. Aáṣáà ní òun ni láńlọ́ọ̀dù. Ewúrẹ́ kan sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi já bọ́.

Fẹ́yìsetán wá ejẹ́ǹtì ní Èkó, ejẹ́ǹtì bá a gba àyè nínú ọkọ̀ òkun. Ó wá ku ìmúra. Gbogbo Iléṣà ló mọ̀ pé bí tòkunbọ̀ bá ti òkè òkun dé, bí wọ́n bá ṣí bọ́ọ̀tù rẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀.

"Mọ́tò kì í rìnrìn àjò lọ́wọ́ òfo," ni Fẹ́yìsetán wí. "Ṣé kí òyìnbó sọ pé Ìjẹ̀ṣà ò ní nǹkan nílé ni?"

Ó bá kó iṣu Ọ̀tan-Ilé sí i. Ó kó gàrí sí i, ó kó epo, ẹran gbígbẹ, obì àti orógbó. Odó jókòó sí ẹ̀yìn bí ọ̀gá àgbà, ọmọ odó sì yọrí lójú fèrèsé. Ikùn Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọ ebè lójú títì. Ọdúntán ló wa mọ́tò, òun àti Fẹ́yìsetán bá gbéra lọ sí Èkó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ́nà Ìbàdàn, ọlọ́pàá rí ọmọ odó, ó rò pé ìbọn àgbá ni, òun fúnra rẹ̀ ló ká ọwọ́ sókè.

Báyìí ni wọ́n dé wáàfù ní Àpápá. Ọdúntán gbójú sókè wo ọkọ̀ òkun náà títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sẹ́yìn. Áà! Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé! Bí o bá kó Iléṣà sínú rẹ̀ tòun ti ọjà Àtàkúmọ̀sà, àyè á ṣì kù fún ìlú Ìkejì-Arákejì láti gba yàrá. Ọkọ̀ la ẹnu lẹ́yìn, mọ́tò àwọn òyìnbó tó ń pa dà sílé sì ń tò wọ inú rẹ̀ bí adìẹ tó ń lọ sùn.

Mùyídéènì, ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ni ọ̀gá tó ń yẹ mọ́tò wò ní géètì. Ó ki orí bọ Ìjàpá.

"Háṣìì! Subuhánàlláhì! Ìyá, mọ́tò lèyí àbí ọjà?"

"Ẹrù ọmọ mi ni."

"Ọkọ̀ yìí kì í gbé mọ́tò tó ní ẹrù nínú. Òfìfo ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi wọlé. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹnu ọkọ̀ á pa dé. Lẹ́yìn èyí, mi ò rí òmíràn tó ń gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí."

Ọdúntán yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyá Cornelius, ẹ jẹ́ ká wá lọ́rì kó ẹrù yìí pa dà sílé."

"Ẹ̀bùn tó ti jáde nílé kì í pa dà sílé, ọkọ mi. Oúnjẹ ọmọ kì í sì í ṣe ohun tí à ń dà nù."

Fẹ́yìsetán wo ọkọ̀. Ó wo oòrùn. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó gbàgà síwájú géètì.

Mùyídéènì fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. "Òṣómàáló! Mo gbé! Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Nígbà tó wà ní kékeré, Ìjẹ̀ṣà aláṣọ kan tó wá gba gbèsè lóṣòó bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo. Bàbá gba ojú fèrèsé sá lọ sóko, ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí ọ̀bọ fi fẹ́ fún un ní ìyàwó. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin o!"

"Ta ní ń bá ọ jà?" ni Fẹ́yìsetán dáhùn. "Iná ni mo fẹ́ dá. Raliat!" Ó ti mọ orúkọ obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, Ìjẹ̀ṣà kì í pẹ́ mọ èèyàn. "Yá mi ní àdògán rẹ. Ẹrù tí ọkọ̀ kò gbé, ikùn á gbé e."

Ìgbà náà ló yé Ọdúntán. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé odó sọ̀ kalẹ̀. Iṣu jinná. Òun àti Fẹ́yìsetán bá gún un, kì, kì, kì! Ilẹ̀ Àpápá mì, ọkọ̀ òkun fun fèrè, ó rò pé ẹlẹgbẹ́ òun ló ń pe òun. Àwọn alágbàrù tú jáde láti gbogbo kọ̀rọ̀ wáàfù. Raliat bu ọbẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka wọn mọ́ ọn. Mùyídéènì ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kóun kàn tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò títí bẹ́líìtì rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ilé ní 'ulé' yìí, ẹ mọ iyán gún o!"

"Ẹ̀yin Òṣogbo náà mọ̀ ọ́n jẹ," ni Fẹ́yìsetán dáhùn. "A jọ pín iṣẹ́ ni."

Gàrí, epo, ẹran, obì àti orógbó tó kù, alágbàrù kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Odó di ti Raliat. Mùyídéènì tún ki orí bọ mọ́tò, ó tún sín, ó ní, "Òfìfo ni. Ẹ wà á wọlé."

Ọdúntán yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ìjàpá dákẹ́. Ó tún un yí. Ó tún dákẹ́. Oòrùn ti ń ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ọdúntán wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mùyídéènì nu epo lẹ́nu. "Òfin ní kó tan kó tó dé ẹnu ọkọ̀. Kò ní kí wọ́n má tì í kó tó débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ò tíì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn alágbàrù fi bo Ìjàpá. Agbára iyán! Bí kì í bá ṣe pé Ọdúntán tẹ búréèkì, Lọ́ńdọ̀nù ni wọn ì bá tì í dé láìsí ọkọ̀. Gbùrù! Ìjàpá tan, ó gun afárá irin tó wọ ẹnu ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń wọ ilé ọkọ. Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán nínú ikùn ọkọ̀ tí òyìnbó kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pe Fẹ́yìsetán wá sí ilé tẹlifóònù ní Iléṣà. Ọdúntán tẹ̀ lé e, ó fi etí sí i.

"Ìyá, mọ́tò ti dé o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ ni. Àmọ́ ó ṣófo, Ìyá. Ẹ ò tilẹ̀ fi orógbó kan ṣoṣo sí i kí n rí nǹkan ilé…"

Kí Cornelius tó parí ọ̀rọ̀, ó fa èémí, ó ní: "Háṣìì! Háṣìì! Háṣì—"

Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń mú ṣọ́ọ̀ṣì méjì ṣe àmín kò rí ohùn mú jáde. Ọdúntán ò rí irú rẹ̀ rí. Fẹ́yìsetán rọra fi tẹlifóònù ti àyà, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì rọra sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí Cornelius.

"Bàbá Cornelius," ó ní, "ẹ kú ìrìn o."