Orúkọ Kìíní Nínú Ìwé Oyèwálé

"Màámi, kí ni orúkọ Hawáwù ní kíkún?"

Oyèwálé di bírò mú, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Àyìnkẹ́ ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. Lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Òkukù, Hawáwù tó ń ta àlùbọ́sà ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ará Kánò ni àwọn òbí Hawáwù. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn.

Lánàá, ìyá àtọmọ jọ lọ sípàdé ní Ìkìrun, ìpàdé àwọn tó fẹ́ lé gbogbo àjòjì kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí màlúù ti jẹ oko ẹ̀gẹ́ Oyèwálé run, tí wọ́n sì jí àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbé lọ́nà oko, kò sí aláṣẹ kan tó bi í pé, "Báwo lo ṣe ń ṣe é?" Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípàdé náà bi í. Ó ní kí àwọn tí ìyà ti jẹ nawọ́ sókè. Ó ní ẹ̀bi wọn kọ́, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Oyèwálé sunkún. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n kọrin, wọ́n sì fi í ṣe akọ̀wé, pé kó kọ orúkọ gbogbo àjòjì tó wà ní Òkukù wá. Ká má parọ́, Àyìnkẹ́ náà kọrin. Orúnkún tó máa ń ro ó kò tilẹ̀ ro ó mọ́.

"Ṣé Hawáwù ló da màlúù wọ oko rẹ ni?"

"Rárá, Màámi. Àmọ́ tí akọ̀wé bá yọ àjòjì ilé tiẹ̀ sílẹ̀, ta ló máa kọ ti ilé wọn?"

"Akọ̀wé! Àná lo joyè, o ti ń wú. Ó dáa, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń ṣíwájú. Kọ tèmi ná."

"Tiyín kẹ̀? Ọmọ Ìnísà!"

"Bàbá mi lọmọ Ìnísà. Tàmálè ni wọ́n bí mi sí, ní Gánà. Òkukù níbí ni wọ́n bí Hawáwù sí. Èmi ni mọ́tò gbé wá."

Oyèwálé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ló wá kọ orúkọ wa. Ó ti mu kókò, ògì àwọn ará ibẹ̀, nílé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ìyá mi léèrè bó o ṣe ń bi mí yìí. Àwọn náà ń kọrin nígboro, Wálé. Inú wọn dùn bí inú wa ṣe dùn lánàá gẹ́lẹ́. Ọ̀fọ̀ ti ṣẹ àwọn náà."

Hawáwù yọjú. "Màmá, òjò ṣú o. Ṣé kí n bá yín kó ẹ̀gúsí wọlé?"

"Kó o, ọmọ mi."

Oyèwálé wò ó títí ó fi wọlé. Ó tẹrí ba sórí ìwé, ó kọ *Àyìnkẹ́*.

"Kọ ọ́ kó hàn," ni ìyá rẹ̀ wí.

Agogo mẹ́rin ni wọ́n ń retí ìwé náà ní Ìkìrun. Òjò ò tíì dá tí Oyèwálé fi gun ọ̀kadà. Ó fi ìwé náà sábẹ́ aṣọ kó má baà tutù. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.